Púdìn Tí Màmá Mi Ní Kí N Sè

Ọjọ́ kẹfà tí màmá mi kò fi oúnjẹ kan ẹnu ni wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Wọ́n kọjú sí ògiri, ohùn wọn kò sì jáde dáadáa, ó di ìgbà tí mo tẹ etí sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí wọn kí n tó gbọ́.

"Púdìn," ni wọ́n wí. "Sè é."

Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí, nítorí mi ò mọ púdìn sè. Iṣẹ́ tíṣà ni màmá mi ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ìwé ìjọ, ìdajì àwọn ìyàwó ilé tó wà ní Ìrókò yìí ló sì ti ọwọ́ wọn mọ bí a ṣe ń po ìyẹ̀fun. Èmi ọmọ tí wọ́n bí ni ẹ̀kọ́ náà fò dá.

Ilé wọn ni a wà, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí oko ẹ̀gẹ́. Àìsàn kan ti mú kí ẹ̀gbẹ́ wọn ọ̀tún rọ, ṣùgbọ́n dókítà yẹ ọ̀fun wọn wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. "Wọ́n lè gbé oúnjẹ mì bí wọ́n bá fẹ́," ni ó wí, ó sì wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ní kí wọ́n má fẹ́. Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé tí mò ń ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀, mo wá jókòó tì wọ́n. Mo gbé ògì dé, wọ́n pa ẹnu dé. Mo gbé ọbẹ̀ ẹja dé, wọ́n pa ẹnu dé. Omi nìkan ni wọ́n ń gbà. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń gbé nínú ìgboro Ìbàdàn, ti pè lórí fóònù pé bí ó bá di ọjọ́ Ajé tí wọn kò tíì jẹun, òun ń gbé ọkọ̀ bọ̀, a óò gbé wọn lọ sí ọsibítù kí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ wọ́n nímú, kí oúnjẹ lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Màmá gbọ́. Omijé bọ́ lójú wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ òsì wọn bo imú. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n dárúkọ púdìn, nítorí náà ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo ní.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tún ń se púdìn láyé ìsinsìnyí? Àwọn obìnrin òyìnbó ìjọ ló kó o wá, wọ́n fi kọ́ àwọn tó kọ́ màmá mi. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń fi búrẹ́dì àná sè, wọn a to ègé búrẹ́dì tí wọ́n fi bọ́tà pa lé ara wọn, wọn a da mílíìkì àti ẹyin lé e. Ọ̀kan jẹ́ ìrẹsì àti mílíìkì, tí òkè rẹ̀ máa ń jóná díẹ̀, tí àwa ọmọdé máa ń tìtorí ibẹ̀ jà. Olórí gbogbo wọn ni èyí tí wọ́n ń fi ọ̀rá màlúù, ìyẹ̀fun àti ṣúgà pò, tí wọ́n ń gbé sórí omi híhó títí yóò fi jinná, tí wọ́n wá ń da kọ́sítáàdì gbígbóná lé lórí. Òun gan-an ni à ń pè ní púdìn nílé wa, òun ni màmá ń wí. Lónìí, kọ́sítáàdì ti di ohun tí à ń mu láàárọ̀ bí ògì, kéèkì ọlọ́jọ́ ìbí nìkan sì ni àwọn ọmọ mọ̀. Mo kà á lórí fóònù pé ní ìlú òyìnbó pàápàá, àwọn ọ̀dọ́ wọn ń fi púdìn yìí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní oúnjẹ àwọn arúgbó ni. Mo rìn lọ sí ilé ìwé tí màmá ti kọ́ni, bóyá mo lè rí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí. Yàrá ìdáná wọn ti di ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Ìgbẹ́ àdán ni mo bá lórí tábìlì. Mo dúró síbẹ̀, mo sunkún.

Ìbínú ló jẹ́ kí n má mọ̀ ọ́n sè. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì màmá, bí àkàrà òyìnbó mi bá jóná, àwọn ẹgbẹ́ mi a ní, "Ọmọ Tíṣà!" wọn a sì bú sẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kan, mo bọ́ épúrọ́ọ̀nù mi, mo jù ú sílẹ̀ níwájú gbogbo wọn, mo ní mi ò ṣe mọ́ láéláé, mo kó ìwé mi lọ sí ìdí igi máńgòrò. Màmá kò pè mí padà. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ń dáná nílé, ẹ̀yìnkùlé ni èmi máa ń wà títí oúnjẹ yóò fi dé orí tábìlì. Mo rò pé mò ń fi ìyà jẹ wọ́n ni. Òmùgọ̀ ọmọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, bọ́tà inú agolo ni mo fi ṣe é, nítorí òun ló wà nítòsí. Ó wú dáadáa. Mo gbé ṣíbí sí màmá lẹ́nu, wọ́n fi ètè kàn án, wọ́n sì yí ojú kúrò.

"Kéèkì nìyí," ni wọ́n wí.

Inú bí mi. Mo ní, "Màmá, ẹ ṣáà jẹ ẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ohun tó wà nílẹ̀!" Mo pariwo mọ́ ẹni tí kò lè dìde. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo wọ mọ́tò lọ sí ọjà Ṣáṣá. Mo gba àárín àwọn tó ń já apẹ̀rẹ̀ tòmátì kọjá, mo dé ìsọ̀ alápatà kan, mo ní ọ̀rá funfun tó bo kíndìnrín màlúù ni mo ń wá.

"Ọ̀rá kẹ̀?" Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìyá, ẹran lèèyàn ń bèèrè. Àwọn tó ń se ọṣẹ ló ń kó ọ̀rá lọ́wọ́ wa. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ sè é jẹ ni."

Gbogbo wọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní kí n rọra ṣe o, kí inú mi má baà hó bí ọṣẹ. Mo fi ọwọ́ gbá tábìlì ẹran. Mo ní ìyá mi ń kú lọ nílé, wọ́n ní kí n sè é fún àwọn, kí ó gé e fún mi tàbí kó jẹ́ kí n máa lọ. Ọkùnrin náà gé ègé ńlá kan, ó dì í sínú láílọ̀ọ́nù, ó ní, "Ọlọ́run ó fún wọn lálàáfíà, Ìyá." Mo dúpẹ́, mi ò lè wò ó lójú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo rántí pé lọ́jọ́ ìdánwò, abọ́ tánganran funfun ni àwọn ọmọ kíláàsì màmá máa ń lò. Wọn a fi bébà tí wọ́n fi bọ́tà pa bò ó, wọn a fi aṣọ funfun wé e, wọn a fi okùn so ó. Mo wo obìnrin òyìnbó arúgbó kan lórí fóònù tó ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo rí abọ́ màmá nínú àpótí, mo fi ṣe é. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọn kò tilẹ̀ la ẹnu. Wọ́n rọra mi orí, wọ́n sì dijú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ọgbọ́n mi ti tán. Mo bẹ Ọlọ́run, mo bẹ màmá, mo tún bẹ púdìn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, àbúrò mi tún pè, ó ní ọkọ̀ ti wà nílẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni Alájà wọlé wá kí wa. Ilé wọn kọjú sí tiwa. Wọ́n ti ṣe ọmọ kíláàsì màmá mi rí, wọ́n sì fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Wọ́n bá mi níwájú abọ́ tánganran náà, wọ́n bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ta ló sọ fún ẹ pé abọ́ ni Tíṣà fi ń sè é ńlé?" ni Alájà wí. "Ọjọ́ ìdánwò táwọn aláyẹ̀wò ìjọ bá ń bọ̀ nìkan nìyẹn ń jáde. Ewé ni wọ́n fi ń sè é, ewé eéran, bí ìgbà tí a bá ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Èmi ni mo máa ń já a wá fún wọn."

Mo ní, "Alájà, nílé yìí ni mo ti ń jẹ púdìn, mi ò rí ewé rí."

"O ò lè rí i. Ṣé o máa ń wọ ilé ìdáná ni? Wọ́n á ti tú u sórí àwo kó tó dọ́dọ̀ yín. Ìjọ ò fẹ́ kí tíṣà fi ewé se oúnjẹ òyìnbó, Tíṣà sì ní kí n má wí fẹ́nì kan. Lahílà, ó ti tó ogójì ọdún, mi ò wí."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n ké. Gbogbo àsìkò tí mo fi ń sáré kiri, púdìn tí wọ́n fi ń ṣe ojú ayé níwájú aláyẹ̀wò ni mò ń sè. Alájà já ewé lẹ́yìn ilé wọn, wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń ká a. Méjì tú dànù, ìyẹ̀fun pípò náà sì ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀. Alájà ní, "Rọra o, ọmọ Tíṣà," inú kò sì bí mi lọ́tẹ̀ yìí. A kó àwọn tó dúró sínú ìkòkò, a dé e. Nígbà tí ooru rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, mo mọ̀ pé òun ni. Mo dá a mọ̀ nínú ọ̀fun mi kí n tó dá a mọ̀ nímú. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo ń wí nínú mi pé màmá á jẹun, màmá ò ní kú.

Mo tú ọ̀kan sórí àwo, mo da kọ́sítáàdì lé e, mo gbé e wọ yàrá. Màmá la ojú. Wọ́n ní kí n gbé àwọn dìde jókòó, ohun tí wọn kò bèèrè láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo fi ìrọ̀rí méjì ti ẹ̀yìn wọn, mo bu ṣíbí kan, mo fẹ́ ẹ, mo gbé e sí wọn lẹ́nu.

Wọ́n gbé ọwọ́ òsì wọn sókè, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì rọra yí ṣíbí náà padà sọ́dọ̀ mi.

"Ìwọ," ni wọ́n wí.

Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin ni mo sè é fún. Ṣíbí kan péré, ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Ọjọ́ wo lo jẹun gbẹ̀yìn?"

Tíì ni mo ti ń mu láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé náà. Bí Alájà bá gbé oúnjẹ wá, mo máa ń sọ pé màá jẹ ẹ́ tó bá yá, yóò sì kan síbẹ̀. Mi ò ronú pé ẹnikẹ́ni ń wò mí.

"Mò ń wò ẹ́ látorí bẹ́ẹ̀dì yìí," ni màmá wí. Ọ̀rọ̀ náà ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ojú ẹ ti jìn. Nígbà tó o wà ní kékeré, tó o bá ń bínú, o kì í jẹun. Púdìn nìkan ni o kì í kọ̀."

Mo wá ronú kan wọn lórí tábìlì wa láyé ìjọ́sí. Mo rí ọwọ́ wọn tó ń bu púdìn sí àwo mi, tó ń bu ú sí ti àbúrò mi, tó ń da kọ́sítáàdì. Mo wá ìgbà kan tí wọ́n gbé e sí ẹnu tiwọn, mi ò rí i. Mo fi orí lé itan wọn. Mo ní bí wọn kò bá jẹ, èmi náà kò ní jẹ. Mo ní mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni mọ́, kí wọ́n ṣáà jẹun, kí wọ́n má lọ.

"Ebi ò pa mí mọ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Jẹun kí n rí ẹ."

Mo gbé àwo náà lé ẹsẹ̀, mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Omijé ń kán sínú kọ́sítáàdì, mo sì ń gbé e mì, ojú wọn kò sì kúrò lẹ́nu mi títí àwo fi mọ́. Nígbà náà ni wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní kí n tẹ́ àwọn sílẹ̀.

Ọkọ̀ àbúrò mi dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo jáde lọ pàdé rẹ̀, mo dúró sáàárín ẹnu ọ̀nà, mo ní kó pa iná ọkọ̀ náà, a kò gbé wọn lọ síbì kankan, màmá kò fẹ́ rọ́bà nímú. Ó bi mí bóyá wọ́n ti jẹun.

Mo ní rárá. Mo ní èmi ni mo jẹun.