Ilẹ̀ Dúdú àti Yàrá Ìyá Ọkọ Mi

Sakété ni wọ́n bí mi sí, lórí ilẹ̀ pupa. Ilẹ̀ tiwa kì í yọ èèyàn lẹ́nu. Bí o bá mọ odi lé e lórí, odi náà yóò dúró títí àwọn ọmọ rẹ yóò fi máa du ilé náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìgbà tí mo lọ sílé ọkọ ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́bàá Towé, ni mo tó mọ̀ pé ilẹ̀ a máa ṣe agídí.

Ilẹ̀ dúdú ni tiwọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á là títí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ á fi há sínú rẹ̀. Bí òjò bá dé, á mu omi, á wú, gbogbo ẹnu tó là á sì pa dé. Zémíjàn tó fi ayọ̀ gbé ọ débẹ̀ nígbà ọyẹ́ á ní ọkàdà òun ń ṣàìsàn tí òjò bá ti rọ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọlẹ́jì ní Pobè, nítorí náà mo mọ ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n mímọ̀ kò dá odi dúró.

Odi yàrá ìyá ọkọ mi ni mò ń wí. Ọdọọdún ló ń là, ọdọọdún ni wọ́n ń fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, a pe mọlémọlé kan láti Sakété kó tún un mọ. Ó ṣe bí a ti ń ṣe nílé: ó fi yanrìn pupa dí gbogbo ibi tó là nílẹ̀ pa, kó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Òjò dé, ilẹ̀ fẹ́ wú, kò ráyè. Ó ti odi sókè, igun kan sì wó.

A gbé ibùsùn ìyá lọ sí ilé ìdáná. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ó tó gẹ́ẹ́, kí ìyá máa bọ̀ ní Pobè, níbi tí iná wà. Ìyá kọ̀. Inú yàrá yẹn ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí, ó sì ní òun kò ní fi í sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Wọ́n wá fẹnu kò sí i pé ká tún odi mọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tún là lójò tó ń bọ̀, wọ́n á gbé ìyá lọ, ó fẹ́, ó kọ̀. Inú bí mi gan-an. Mo ní odi yẹn kò ní là.

Àbúrò mi kan wà ní Kánádà. Lórí fóònù, ó sọ fún mi pé ilẹ̀ ọ̀dọ̀ wọn náà ń wú: omi inú rẹ̀ á di yìnyín, á sì gbé ohun tó bá jókòó lé e lórí. Nítorí náà, wọ́n á gbẹ́ ìpìlẹ̀ kọjá ibi tí òtútù ń dé. Mo rẹ́rìn-ín. Ibi gbogbo là ń dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló dùn ju ara wọn lọ. Òtútù ni tiwọn, ẹ̀ẹ̀rùn ni tiwa. Ibo wá ni ẹ̀ẹ̀rùn tiwa ń dé?

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tán, èmi àti ìyá já imọ̀ ọ̀pẹ, a bó ewé ara rẹ̀, a sì ń tì í bọ ibi tó là, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí a fi rí èyí tó jìn jù. Mo ní kí mọlémọlé gbẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá ibẹ̀, kó yẹra fún ibi tí bàbá sùn sí, kó má sì dí ilẹ̀ tó là ní àyíká. Ó bi mí bóyá kànga ni mo fẹ́ ni àbí ilé. Àwọn aládùúgbò ní ìyàwó Sakété ń wa epo rọ̀bì. Mo gbé àpótí, mo jókòó tì í, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan amọ̀ tútù.

Òjò dé. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà dé, tàwọn ti ọkọ̀ akẹ́rù. Gbogbo ẹnu ilẹ̀ ti pa dé. Ẹ̀gbọ́n àgbà yí odi po, ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára rẹ̀, ó fi èékánná fà á. Èékánná náà kò rí àyè wọ̀ ọ́. Ó gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀.

Ìyá jáde láti ilé ìdáná. Kò tilẹ̀ wo odi.

Ó ní, “Nígbà tẹ́ ẹ ti gbé ọkọ̀ wá, tí ẹ sì pọ̀ báyìí, ẹ bá mi gbé ibùsùn mi padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yín.”