Ojú Tó Wà Lábẹ́ Ìda

Ìda ń yọ́ lórí èédú, òórùn oyin gba gbogbo àgbàlá wa ní Lapaz, ní Accra. "Aláròyé, pa ẹnu dé, kí o wò ó," ni Bàbá wí. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi! Mo jókòó, mo ń wo pátákó funfun tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Lójú títì, méètì trotro, ọmọ ọkọ̀ akérò, ń pe èrò.

Bàbá kì í ṣe ìbátan wa. Arúgbó Ànàgó, ìyẹn Yorùbá, bíi tiwa ni, ó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, àwọ̀ tó pò mọ́ ìda gbígbóná ló sì fi ń yàwòrán. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá àgbà mi ń fi mí sí tó bá lọ ta aṣọ ní ọjà Makola. Màmá mi ti kú nílé kí a tó wá sí Accra, kò sì ní fọ́tò kankan. Ojú rẹ̀ ti ń kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀rù èyí ń bà mí gan-an, ṣùgbọ́n n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá kun pátákó náà, ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ojú rẹ̀ kí ìpele ìda lè wọnú ara wọn. Ojú mi ló ń wò jù. Ṣàdédé ni obìnrin kan yọ lójú pátákó. Àfi bó ṣe da ìda mìíràn lé e.

"Yéè! Bàbá, ẹ ti bò ó!"

"N ò bò ó. Wò ó dáadáa."

Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀, bí ẹni tó dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì.

Nígbà tí ìyá àgbà mi dé, ẹrù bọ́ lórí rẹ̀. "Bàbá, ẹ ò mọ ọmọ mi rí! Ta ló sọ ti àpá ẹ̀gbẹ́ ojú yẹn fún yín?"

"Ọmọ yìí ló ń wò ó. Ojú rẹ̀ ni mo tẹ̀ lé."

Ìyá àgbà mi bú sẹ́kún. Bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ti gbàgbé àpá náà pátápátá.

Ọdún púpọ̀ ti kọjá. Bàbá ti lọ sọ́run, pátákó wà lọ́wọ́ mi. Bí ọyẹ́ bá dé, ìda a máa funfun, màmá mi a pòórá. Màá fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún títí yóò fi padà dé.

Lọ́yẹ́ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin bá mi níbi tí mo ti ń nù ún. "Màámi, ta ló ya yín?"

"Èmi kọ́. Pa ẹnu dé, kí o wò ó."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó tẹjú mọ́ pátákó. Lẹ́yìn náà ó rọra sún mọ́ mi.

"Màámi, ó ń wò mí."

N kò ní purọ́. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn. Mo gbé aṣọ náà lé e lọ́wọ́. "Máa nù ún lọ. Ìyá àgbà rẹ ni."