Géèmù Tí Ọkọ Mi Ní Kí A Rà

Ọkọ mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà tó sọ fún mi pé òun fẹ́ kí a ra géèmù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, mi ò tíì bọ́ bàtà. Láti ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàáka dé ilé wa lẹ́yìn Arákàlé, nínú Àkúrẹ́ níbí, kò jìnnà, àmọ́ tí èèyàn bá ti fi gbogbo ọjọ́ gbé fáìlì láti orí tábìlì kan sí òmíràn, ńṣe ni ọ̀nà náà máa ń gùn sí i. Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa.

“Géèmù wo, Dádì?”

“Èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ti bọ́ọ̀lù.”

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rí i pé òun ò rẹ́rìn-ín, mo pòṣé. Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé ni ọkọ mi kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló máa ń gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó bá ń fi ṣe géèmù ní kíláàsì, kì í sì í dá a padà títí sáà á fi parí. Òun náà ló wá ń béèrè géèmù. Àwọn ọmọ wa sì ti kúrò nílé, kò sí ọmọdé kankan tí a lè fi ṣe àwáwí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbádùn wé ìgbádùn níwájú rẹ̀, bí ẹni tó ń ṣa ata lọ́jà. Sinimá wọ́n, gúgúrú tí wọ́n ń tà níbẹ̀ tún wọ́n ju sinimá lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la lè lọ. Ìgbéyàwó ọmọ àwọn ojúlùmọ̀, oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni, bí a bá gbàgbé aṣọ tí wọ́n kọ́kọ́ tà fúnni. Alẹ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀fẹ́ ni tòun náà, tí a bá yọ igbá ọrẹ mẹ́ta kúrò. Ní ti bọ́ọ̀lù, ilé bọ́ọ̀lù wà nísàlẹ̀ òpópónà wa, níbi tí wọ́n to ìjókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ńlá, tí èèyàn á san owó kékeré kó tó wọlé.

“Tí ẹ bá ń fi owó géèmù yìí wọ ilé bọ́ọ̀lù, ẹ ó máa wò ó títí àwọn ọmọ-ọmọ yín á fi gbéyàwó.”

“Ó dáa,” ó dáhùn.

Mo mọ “ó dáa” ọkọ mi. Kì í ṣe pé ó dáa. Ọ̀rọ̀ parí lẹ́nu rẹ̀ ni, kò parí nínú rẹ̀.

Síbẹ̀ mo béèrè. Obìnrin Oǹdó kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti lọ sí òkè òkun, ó fi géèmù rẹ̀ sílẹ̀ sílé wọn ní Oǹdó, ìyá náà sì fẹ́ tà á. Nígbà tó dárúkọ iye rẹ̀, mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Ó ju owó tí mo ti ń tọ́jú láti fi gbẹ́ kànga wa kó jìn sí i lọ díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀, ẹrẹ̀ sì ti ń bá omi wá nínú korobá. Ká wá fi owó omi ra ohun ìṣeré? Mo ní kó bá mi mú un dání díẹ̀ ná. Nínú ọkàn mi, mo ti ní rárá.

Ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ ra iṣu lọ́jà Ìjù. Ọlọ́kadà já mi sílẹ̀ nítòsí ilé bọ́ọ̀lù. Ọkọ mi ti sọ lówùúrọ̀ pé òun ń lọ wo bọ́ọ̀lù, bó ṣe máa ń sọ ní gbogbo Sátidé, nítorí náà mo rò pé inú ilé bọ́ọ̀lù ló wà. Ẹ̀yìn ilé bọ́ọ̀lù náà ni mo ti rí i. Ó dúró lábẹ́ páànù mẹkáníìkì kan tó ti palẹ̀ mọ́, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó tẹ́tí. Àwọn tó wà nínú hó yèè. Ọkùnrin kan jáde wá tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ọkọ mi sì rọra bi í pé, “Ta ló gbá a wọlé?”

Ọkàn mi bàjẹ́. Mo fẹ́ yà gba ọ̀nà mìíràn kó má bàa mọ̀ pé mo rí òun, ṣùgbọ́n iṣu wúwo lọ́wọ́ mi, mi ò lè yára. Ó gbójú sókè, ó rí mi.

“Gbé uṣu yẹn wá,” ó ní. Ọmọ Àkúrẹ́ ni, tí nǹkan bá sì ká a lára, èdè ilé ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu. A jọ ń lọ sílé, àmọ́ n kò lè mú un mọ́ra mọ́.

“Ṣé owó ò sí lọ́wọ́ yín ni? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Owó wà. Owó ìfẹ̀yìntì kéré, àmọ́ ó tó owó ìwọlé.”

“Kí wá ni?”

Ó gbé àpò iṣu sí èjìká kejì. “Ẹni tó ni ulé yẹn, èmi ni mo kọ́ ọ níwèé.”

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó débẹ̀, ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní sà kì í sanwó níbi tí òun bá wà. Ó mú un lọ jókòó síwájú pátápátá. Inú ọkọ mi dùn. Tíṣà wo ni inú rẹ̀ ò ní í dùn? Ṣùgbọ́n ọlá tó bá ti ń wáyé ní gbogbo ọ̀sẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń di àánú. Lọ́jọ́ kan tí èrò pọ̀, tí ìjókòó tán, ọkùnrin náà gbé ẹnì kan tó ti sanwó dìde kí sà lè jókòó. Onítọ̀hún dìde, ó ní, “Àwa tá a sanwó ló ń dúró.” Gbogbo ilé ló gbọ́.

“Tí mo bá na owó sí i, á ní mo fẹ́ bu òun kù lójú èrò,” ọkọ mi ní. “Tí mo bá wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, orí ìjókòó ẹlòmíràn ni mo wà. Tí mo bá lọ sí ibòmíràn, á gbọ́, á máa béèrè kí lòun ṣe fún sà.”

Inú bí mi, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí. Ọmọ tó bọ̀wọ̀ fún tíṣà rẹ̀ ò ṣẹ̀. Ẹni tó sanwó ìjókòó ò ṣẹ̀. Gbogbo ìṣirò tí mo ti ṣe, mo ṣe é bí ẹni pé iye kan náà ni ilé bọ́ọ̀lù ń gbà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá obìnrin ibi iṣẹ́ wa lọ sí Oǹdó. Ọkọ mi dá ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi owó kànga kún un. Obìnrin náà fi ìborùn rẹ̀ nu eruku ara ẹ̀rọ náà, ó nù ún, ó tún un nù. “Ariwo rẹ̀ ló máa ń lé mi jáde nílé tẹ́lẹ̀,” ó ní. Mo gbé ẹ̀rọ náà lé ẹsẹ̀ nínú mọ́tò padà sí Àkúrẹ́, omi ni mò ń rò.

Ká má parọ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sú mi. Bí iná bá ti dé, géèmù dé. Àtàǹpàkò ọkọ mi ti le, ó ń gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara rẹ̀, ó ń dá nìkan pariwo mọ́ ẹ̀rọ. Kànga gbẹ bí mo ṣe bẹ̀rù, a bẹ̀rẹ̀ sí í ra omi. Mo máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì kọjá nínú pálọ̀, màá sì wo ẹ̀rọ yẹn tìkà-tẹ̀gbin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn tí a jẹun tán, ẹni tó ni ilé bọ́ọ̀lù yà wá. Ó dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ káàsán, sà. Ẹ káàsán, mà. Sà, a ò rí yín mọ́. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?”

Ọkọ mi na pádì kejì, èyí tí wọ́n fi ń darí géèmù, sí i. “O ò ṣẹ̀ mí. Jókòó, ká gbá a.”

Ó ti rẹ̀ mí ju kí n dìde lórí àga lọ, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ṣojú mi. Ọkọ mi gbá góòlù kan wọlé. Ó gbá èkejì. Ó gbá ẹ̀kẹta. “Háà, sà, ẹ gbóná o!” ni ọkùnrin náà ń wí. Irọ́ ni. Èmi tí mò ń wò ó lójoojúmọ́ mọ bí ọkọ mi ṣe ń gbá a. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin náà kàn ń rìn gbéregbère ni, wọ́n ń yà fún un bí ẹni yà fún àgbà lọ́nà. Mo gbàdúrà kí ọkọ mi má rí i.

Ó rí i. Ó gbé pádì sórí orúnkún, ó wo ọkùnrin náà bó ṣe máa ń wo àwọn ọmọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

“Ṣé mo fún ọ ní máàkì tí kò tọ́ sí ọ rí?”

“Rárá, sà.”

“Ìwọ náà má fún mi.”

Ọkùnrin náà wò mí, bí ẹni tó ń tọrọ àṣẹ. Mo mi orí sí i pé kó ṣe é. Ó sún síwájú lórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù ní tòótọ́, kò sì ṣàánú rárá. Góòlù ń wọlé léra-léra débi pé ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti èmi. Ọkọ mi wá ju orí sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mi ò tíì gbọ́ látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbá ọkùnrin náà léjìká, ó ń pè é ní ìkà. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó nu ojú, ó mú pádì rẹ̀.

“Ó yá,” ó ní, “tún mi nà.”