Ìró Ìyá Mi Lórí Àpáta Ìjẹmọ̀

Ohun tó dùn mọ́ mi jù lọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá gbé ní Abẹ́òkúta ni pé ẹnikẹ́ni kì í bi mí pé, "Níbo lò ń lọ?" Ní Ọ̀dẹ̀dá tí wọ́n ti bí mi, bí mo bá fẹ́ ra iyọ̀ lásán, mo gbọ́dọ̀ ro ẹjọ́ fún gbogbo ìloro tó wà lójú ọ̀nà: ibi tí mò ń lọ, ohun tí mo fẹ́ rà, ìgbà tí n óò dé. Mo kúnlẹ̀ kí àgbà títí orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ṣùgbọ́n ní Ìjẹmọ̀, àdúgbò tí mò ń gbé ní Abẹ́òkúta, n óò ti ilẹ̀kùn yàrá mi, n óò so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró mi, n óò sì máa lọ bí ẹni tó ni ìlú.

Aláró ni mí. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin ni mo ti kọ́ṣẹ́, nígbà tí mo sì ṣe fúrídọ́ọ̀mù tán, mo gba yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àpáta. Aṣọ aláró tí à ń pè ní kàǹpálà ló gbòde nígbà náà. Tọkùnrin tobìnrin ló ń rán an, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í fẹ́ kí àbàwọ́n kan aṣọ wọn. Orí àpáta yẹn ni gbogbo aláró àdúgbò ń sá aṣọ sí, oníkálukú a sì fi òwú tirẹ̀ gán etí aṣọ rẹ̀, kí tọ̀tún má baà dà pọ̀ mọ́ tòsì. Òwú pupa ni tèmi.

N kò ní purọ́, ayé dẹ̀ mí lọ́rùn. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, agogo ṣọ́ọ̀ṣì á gbà á, òórùn búrẹ́dì gbígbóná á sì gba ojú fèrèsé wọlé. Lọ́sàn-án, n óò ra omi tútù lọ́wọ́ onífíríìjì, n óò fi mu gààrí, eyín mi á máa ta mí, n óò sì tún bù sí i. Bí mo bá pẹ́ lọ́jà, gílóòbù kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù àlájà aláṣọ kan tó máa ń tànmọ́lẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi. Mo máa ń sọ nínú ara mi pé àwọn olówó yìí mà ń fi iná ṣòfò o. Nírọ̀lẹ́ tí mo bá lọ kó aṣọ, n óò jókòó díẹ̀ lórí àpáta, n óò máa wo òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ títí dé ìsàlẹ̀ odò. Ìlú mi nìyí. Ẹnikẹ́ni kò fi ta mí lọ́rẹ, èmi ni mo fọwọ́ ara mi mú un.

Ìyá mi ni kò gbà. Wọ́n ti sọ fún un pé ní Abẹ́òkúta, èèyàn lè kú sí yàrá kan kí ará yàrá kejì máa din dòdò. Ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá fojú ara òun rí i, bí kò bá sì tẹ́ òun lọ́rùn, àwa méjèèjì la jọ máa padà sí Ọ̀dẹ̀dá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Mo ti kọjá ọmọ ogún ọdún lóòótọ́, mo sì ń bọ́ ara mi, àmọ́ bí ìyá mi bá ní kí n dìde, mo máa dìde ni. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ó dé tòun ti agbọ̀n iṣu. Ìró àdìrẹ tí bàbá mi rà fún un kó tó kú ló ró wá, èyí tó ti ṣá tó sì ní abulẹ̀ níbi ìdí. Epo pupa ti ta sí i nínú mọ́tò. Lọ́jọ́ kejì, ó fọ̀ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo mú abẹ́rẹ́ àti òwú pupa pé kí n bá a gán an kó tó lọ sá a.

Ó gba aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. "Aṣọ tí mo ti ń ró kí o tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì ni ìwọ fẹ́ ṣàmì sí?"

Ó lọ fọwọ́ ara rẹ̀ sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aṣọ tèmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ láró.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo mú un lọ sí ọjà Ìtòkú kó lọ wo ayé. Mo fi fótò àwọn ìyàwó tuntun tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà oníyàwòrán hàn án. Mo ra búrẹ́dì tó ṣì ń gbóná fún un, mo ra omi tútù, ó mu ún, ó sì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, a rẹ́rìn-ín. Inú mi ti ń dùn pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i.

Ló bá ní, "Kí ni orúkọ ìyá tó ta búrẹ́dì yẹn fún wa?"

"N kò mọ̀ ọ́n, Màámi."

"Ta ló ń gbé ilé tó kọjú sí tìrẹ?"

"Aláṣọ kan ni. A máa ń kíra."

"Ọmọ ta ni?"

N kò mọ̀. Ó mi orí, kò sì mu omi náà mọ́.

Ibẹ̀ la wà tí òjò fi ṣú. Ẹ̀ẹ̀rùn ni mo kó dé Ìjẹmọ̀, òjò gidi kò tíì bá mi níbẹ̀ rí. Bí òjò bá sì pa kàǹpálà tútù, àwọ̀ á ṣàn wọnú ara wọn, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. A sáré, ìyá mi ká ìró sókè bí ọmọdé, òjò sì lù wá títí a fi délé. Nígbà tí a dé, orí àpáta mọ́ fónífóní. Kò sí aṣọ kan ṣoṣo níbẹ̀.

"Wọ́n ti jí i," ni ìyá mi wí.

Òjò kò tíì dá tán tí ìyàwó káfíńtà ẹ̀yìnkùlé wa fi gbé aṣọ rẹpẹtẹ wọlé. "Ẹ kú òjò o, Mama. Aláró, wá kó aṣọ rẹ, òwú pupa. Ẹni tó bá wà nílé ló ń kó fún ẹni tó jáde, ṣé o ò mọ̀ ni?"

Mo yẹ̀ wọ́n wò, gbogbo tèmi pé. Ìró ìyá mi nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ìyá mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. "Èyí tó ní àmì ti padà. Tèmi tí kò ní àmì ti lọ. Bí ìlú yín ṣe rí náà nìyẹn. Di ẹrù rẹ."

Mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀, mo ń di ẹrù, omi sì ń bọ́ lójú mi lé e. Nígbà tó kù kí n ta á ní kókó, a gbọ́ sálámù lẹ́nu ọ̀nà. Àlájà aláṣọ ni. Ìró ìyá mi ló gbé lé ọwọ́ méjèèjì, aṣọ náà ti gbẹ, àlájà ti fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́, ó sì ti ṣẹ́ ẹ dáadáa.

"Ẹ má bínú pé ó pẹ́, Mama. Mò ń dúró kó gbẹ ni."

Ìyá mi gbà á, ó yẹ ibi abulẹ̀ wò. "Ẹ ṣeun, ẹ kú aájò. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé tèmi ni? Kò ní àmì kankan."

Àlájà rẹ́rìn-ín. "Àmì wo la tún ń wá? Òun lẹ ró bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò lánàá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tí ẹ ń bá kọ̀ńdọ́ jà nítorí epo. Mo sọ fún àwọn ará ilé wa pé ìyá aláró ti dé, ojú kan náà ni wọ́n ní." Ó wo ẹrù tí mò ń dì, ó tún wo ìyá mi. "Ẹ má ṣàníyàn nípa rẹ̀. Bó bá pẹ́ níta, mi ò kì í pa iná iwájú ṣọ́ọ̀bù títí n óò fi rí i kó wọlé."

Ojú tì mí, inú tún bí mi díẹ̀. Èmi tí mo ń rìn kiri bí ẹni tí ojú kankan kò rí! Ṣùgbọ́n ayọ̀ ló borí, mo ní kí n má purọ́.

Nígbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi ti tú ẹrù tí mo dì, ó ti kó aṣọ mi padà sójú okùn. Ó jókòó sójú fèrèsé, ìró rẹ̀ wà lórí itan, abẹ́rẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Wá bá mi ki òwú bọ̀ ọ́, ojú mi ò ríran mọ́. Pupa ni o."