Ìrókò Inú Mọ́tò Òyìnbó

Àbúrò mi ọkùnrin ti lé ní àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n bó bá ti rí mọ́tò àtijọ́ báyìí, orí rẹ̀ a dàrú. Lọ́jọ́ tó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù plánkì mi n'Íjẹ̀bú-Igbó pé òun ti rí mọ́tò eré sísá oníjòkòó méjì tí wọ́n ṣe ní ìlú Ọba, èyí tí bàbá wa sọ̀rọ̀ rẹ̀, mo pòṣé.

Káfíńtà ni bàbá wa, l'Ójòwò, àdúgbò wa n'Íjẹ̀bú-Igbó. Ó máa ń sọ pé òun fi igi ṣe egungun mọ́tò òyìnbó kan rí. Ẹni tó ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì! Gbogbo àdúgbò ló fi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin ni mo sì ṣe é jù. Lọ́jọ́ kan tó ń jẹun, mo bi í pé ìgbà wo ni yóò kan ọkọ̀ òfuurufú tiwa. Ó gbé ife omi sílẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn létí mi mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Mo wá bá àbúrò mi lọ sí Makun-Omi, níbi tí mọ́tò náà wà, kó má baà ra pàǹtí nítorí irọ́ òkú. Òun náà ti bẹ amòye kan wá láti Èkó, ọ̀dọ́kùnrin onídígí dúdú tó ní kò sí mọ́tò òyìnbó tóun ò mọ̀. Bàtà funfun ló wọ̀ wá sí etí omi. Ẹ wo ẹni tó fẹ́ yẹ mọ́tò wò!

Ẹ̀yìn ilé ìyá arúgbó kan ni mọ́tò náà wà. Ọkọ ìyá yìí, tó ti di olóògbé, ló ni ín. Adìẹ ti sọ ọ́ di ilé, irin rẹ̀ sì ti dógùn-ún débi pé ìka ń wọnú rẹ̀. Amòye ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin, ó wo fóònù, ó mi orí bí alùfáà.

"Ojúlówó ni, ọ̀gá."

Lẹ́yìn náà ló tú awọ inú ilẹ̀kùn, ó bá figbe ta.

"Wọ́n ti ba mọ́tò yìí jẹ́! Igi òyìnbó tó fúyẹ́ ló yẹ kó wà níbí. Káfíńtà inú igbó wo ló lọ ki ìrókò sí i? Ẹ tún wo èyí, wọ́n ti fi oògùn sí i."

Mo wọ awò ojú mi. Kò sẹ́ni tí yóò kọ́ mi ní ìrókò. Mo fi ìka kàn án: irin ti jẹrà tán lára rẹ̀, igi ò mì. Ohun tó pè ní oògùn, Bísímíláì ni, lédè Lárúbáwá, tí wọ́n fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fín. Irú rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ńṣì tí mò ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá wa kì í kan ohunkóhun láì kọ́kọ́ fín in sí ibi tí ojú ò tó.

Ìyá náà ní, "Ugi òyìnbó kò pẹ́ tó fi jẹrà. Káfíńtà Òjòwò kan ló wá tún un ṣe. Ulé wa níbí ló sùn títí ó fi parí ẹ̀."

Ìtìjú mú mi. Olóòótọ́ ni mo fi ṣẹ̀sín nídìí oúnjẹ rẹ̀.

Amòye ò tíì dákẹ́, ó kọjú sí mi. "Tẹ́ ẹ bá rà á, Mọ́mì, a máa gé gbogbo ìdọ̀tí yìí dànù."

Mo ní, "Bó o bá fi ayùn kan igi yìí, èmi pẹ̀lú ẹ ni lónìí."

Àbúrò mi wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ ní kí n má rà á?"

"Rà á."

Mo kúnlẹ̀ sínú ìgbẹ́ adìẹ, mo ti ẹnu bọ inú ihò ilẹ̀kùn náà, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi."

"Mọ́mì," amòye pè mí lẹ́yìn, "ṣé kòkòrò ti wọ igi náà ni?"

Mo ní rárá, kò sí kòkòrò níbẹ̀.