Bẹ́ẹ̀dì Mẹ́fà Tí Wọ́n Tẹ́ fún Òyìnbó

Bàbá Àbídì Akíndèjì kú ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, lórí bẹ́ńṣì, ní ilé ìwòsàn kan nítòsí Ìkirè. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sùn lé. Mùnírátù ọmọ wọn ló gbé Bàbá wá láti Àpòmù.

“Nọ́ọ̀sì, ara Bàbá mi gbóná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kan.”

“Mọ́mì, ẹ má bínú. Ọ̀gá ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì yẹn. Àwọn òyìnbó ń bọ̀ wá yẹ ibí wò.”

Ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún? Nígbà ìjọba amúnisìn, wòléwòlé ni Bàbá ní èbúté Èkó. Àwọn ló ń ṣí ìpéǹpéjú èrò ọkọ̀ ojú omi wò bóyá àìsàn wà lára wọn. Lọ́dún 1958, kápútẹ́ẹ̀nì ọkọ̀ kan ní kí Bàbá yẹ àwọn adúláwọ̀ tó wà níta lórí dẹ́ẹ̀kì nìkan wò, kí wọ́n sì gba owó orí tí èrò ọkọ̀ ń san lọ́wọ́ wọn. Àwọn òyìnbó inú yàrá ọkọ̀ ńkọ́? Ó ní ara tiwọn mọ́. Bàbá bá dúró sẹ́nu àtẹ̀gùn ọkọ̀, wọ́n ní: “Ibà kì í bèèrè àwọ̀.” Ni gbogbo wọn bá tò, gbogbo wọn sì san án. Kí oṣù tó parí, ìjọba ti gbé Bàbá lọ sí abúlé kan tí kò ní odò, ká má tíì sọ ti èbúté.

Bàbá ti ṣí ìpéǹpéjú èmi ọmọ àdúgbò wọn náà wò rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìka wọn ń ta sánsán ọṣẹ.

Obìnrin a máa jowú orogún. Èmi ọkùnrin, bẹ́ẹ̀dì ni mò ń jowú. Mò ń jowú ṣíìtì funfun. Mò ń jowú àwọn òyìnbó àlejò tí gbogbo dókítà tẹ̀lé kiri lọ́jọ́ náà, tí wọ́n di dòdò Ìkirè lé lọ́wọ́, tí àwọn náà ya fọ́tò, tí wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ta ló ṣí ìpéǹpéjú Bàbá wò? Mùnírátù nìkan ló fọwọ́ kàn án, nígbà tó fẹ́ pa ojú wọn dé. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti kírun sí wọn lára.

Mo padà lọ sí ilé ìwòsàn náà lọ́jọ́ Ajé; bẹ́ẹ̀dì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì ṣófo. Wọ́n ti ká ṣíìtì náà, wọ́n ti tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó di ìgbà tí òyìnbó bá tún dé.

Ẹ̀yin aláṣẹ ètò ìlera, mi ò fẹ́ ìwé ìbánikẹ́dùn. Orúkọ ni mo fẹ́. Ta ló pàṣẹ yẹn? Kó wá sí Àpòmù, kó dúró níwájú Mùnírátù, kó sọ fún un ẹni tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà yẹn lónìí.