Kásẹ́ẹ̀tì Tó Há Sínú Fídíò Màmá

Mo tú fídíò màmá mi palẹ̀ lónìí.

Kásẹ́ẹ̀tì tí bùọ̀dá mi fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ló há sínú rẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, Màmá ò sì tíì fojú kan ọmọ yẹn rí. Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní Olódò ní ká já kásẹ́ẹ̀tì náà, kí fídíò lè yè.

Màmá ní, "Kò sẹ́ni tó máa já ọmọ ọmọ mi."

Ni mo bá ṣí ìdérí fúnra mi. Eruku gàrí ló kún inú rẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń yan gàrí ní Làlúpọn níbí ni wọ́n gbé e sí. Mo fi ìyẹ́ adìyẹ gbá a. Mo rẹ òwú sínú sípírítì, mo fi nu irin kékeré tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì. Mo wá rọra fi ìka yí ẹ̀rọ inú fídíò náà títí kásẹ́ẹ̀tì fi jáde. Kò já.

A tì í bọ inú fídíò padà. Àwòrán kọ́kọ́ ń jó, ó wá mọ́ kedere. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá Làlúpọn."

Màmá dáhùn, "Káàárọ̀, Àdùkẹ́ mi. Ṣé o ti jẹun?"

Wọ́n tẹ́tí, wọ́n ń retí èsì. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín.

Màmá yíjú sí mi: "O gbọ́? Ó ti jẹun."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti wò ó báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sì ti bi í. Èmi ò lè sọ fún wọn pé ọmọ náà kò lè gbọ́ wọn. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló lè sọ ọ́ nínú yín?